Káàdì àkọ́kọ́ eléré ìdárayá

Káàdì àkọ́kọ́, tí àwọn tó ń kó káàdì jọ ń pè ní rookie, ni káàdì tó kọ́kọ́ gbé àwòrán eléré kan jáde lẹ́yìn tó wọ líìgì ńlá. Bébà líle pélébé ni: àwòrán wà níwájú, iye góòlù tàbí ayò tó jẹ wà lẹ́yìn. Nínú káàdì àtijọ́, irú èyí ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń wá jù.

Ohun tó mú un gbayì ni pé wọ́n ya àwòrán náà nígbà tí ẹnikẹ́ni ò tíì mọ ohun tí onítọ̀hún máa dà. Ará Èkìtì á tètè lóye èyí. Fọ́tò kíláàsì láti Christ's School, Adó-Èkìtì, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1933, fọ́tò lásán ni, àfìgbà tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà bá di ọ̀jọ̀gbọ́n. Ìgbà yẹn ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá a kiri, ẹni tó tọ́jú tiẹ̀ kò sì ní pọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni káàdì rí: láyé àtijọ́, àwọn ọmọdé ló máa ń ra káàdì pẹ̀lú ṣingọ́ọ̀mù ní Amẹ́ríkà. Wọ́n á fi rọ́bà dì í pọ̀, igun á ká, ìyá wọn á sì kó ìyókù dànù.

Àpẹẹrẹ tó gbajúmọ̀ ni káàdì bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ tí ilé-iṣẹ́ Fleer ṣe fún sáà 1986–87, tó jẹ́ káàdì 132 lápapọ̀. Michael Jordan ni nọ́ńbà 57. Hakeem Olajuwon, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Èkó lọ́dún 1963, ni nọ́ńbà 82. “Akeem” ni wọ́n kọ sí i, torí ọdún 1991 ló tó fi H síwájú orúkọ rẹ̀. Ọdún 1984 làwọn méjèèjì wọ NBA, líìgì ńlá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, Olajuwon sì ni ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ mú nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ ń yan eléré tuntun lọ́dún náà. Ilé-iṣẹ́ Star ti ṣe káàdì wọn ṣáájú Fleer, àríyànjiyàn lórí èwo gan-an ni àkọ́kọ́ kò sì tíì tán.

Bí káàdì ṣe mọ́ sí ló ń sọ iye rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ PSA, tó ń yẹ káàdì wò, máa ń fún un ní máàkì, láti 1 dé 10: ṣé àwòrán wà láàárín gbọ̀ngbọ̀n, ṣé igun ṣì mú, ṣé ojú rẹ̀ kò họ. Etí káàdì Fleer yìí ní àwọ̀ pupa àti búlúù, nítorí náà bó bá họ bíńtín, funfun abẹ́ rẹ̀ á yọ síta. Ti Jordan tó gba 10 tà ní dọ́là 738,000 lọ́dún 2021. Ayédèrú rẹ̀ pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá sì ń tọ́jú káàdì ní Èkìtì ní láti ṣọ́ra fún ọ̀rinrin àkókò òjò, tó ń mú bébà ká kò tó sì ń bu, àti fún ikán.

Kì í ṣe gbogbo káàdì olówó gọbọi ló jẹ́ àkọ́kọ́. Káàdì Mickey Mantle, eléré baseball ní Amẹ́ríkà, tí ilé-iṣẹ́ Topps ṣe lọ́dún 1952, tà ní mílíọ̀nù 12.6 dọ́là lọ́dún 2022, bẹ́ẹ̀ èyí tí ilé-iṣẹ́ Bowman ṣe lọ́dún 1951 ló ṣáájú rẹ̀, owó tiẹ̀ kò sì tó bẹ́ẹ̀. Èyí tí kò tà nínú káàdì ọdún 1952 ni Topps kó dà sínú òkun.