Bí Wọ́n Ṣe Ń Dá Fọ́sìlì Òkun Mọ̀

Bí èèyàn bá fi odidi ọjọ́ kan ṣa fọ́sìlì, ìyẹn àṣẹ́kù ohun ẹlẹ́mìí àtijọ́ tó wà nínú òkúta, ní etíkun, tó sì da àpò rẹ̀ sórí tábìlì lálẹ́, òkúta lásán ló máa pọ̀ jù nínú ẹrù náà. Kò burú. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni kí ó yọ àwọn tó jẹ́ ara ohun ẹlẹ́mìí nígbà kan rí sọ́tọ̀, kí ọ̀rọ̀ orúkọ tó wáyé rárá. Ohun ẹlẹ́mìí kì í hù ní rúdurùdu: àwọn ìlà ara rẹ̀ máa ń tẹ̀ lé ara wọn létòlétò, apá ọ̀tún sì sábà máa ń jọ apá òsì. Òkúta mọ ẹ̀tàn ṣe ṣá o. Èròjà mángáníìsì máa ń wọ ojú ibi tí òkúta ti là, á sì ya ẹ̀ka wẹ́wẹ́ lọ bí ewé tí wọ́n tẹ̀ mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ ló ti gbé e délé tayọ̀tayọ̀. Ewé tòótọ́ sábà máa ń ní iṣan kan láàárín tí àwọn yòókù ti yà. Èyí kò ní, ó kàn ń ya kiri bó ṣe wù ú ni.

Ìgbà yìí ni àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù máa ń ṣẹlẹ̀: èèyàn á ṣí fóònù, á máa fi ohun ọwọ́ rẹ̀ wé àwòrán lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibi tí wọ́n ti rí nǹkan ló yẹ kó ṣáájú. Ìpele ìpele ni òkúta ilẹ̀ wà, ìpele kọ̀ọ̀kan ló ní ọjọ́ orí tirẹ̀, àwọn ẹ̀dá náà sì ní ìgbà tí wọ́n dé àti ìgbà tí wọ́n parẹ́. Trilobite, ẹ̀dá òkun kan tí ara rẹ̀ pín sí ìpín ìpín, ti kú tán láti nǹkan bí mílíọ̀nù 252 ọdún sẹ́yìn. Ammonite, ẹ̀dá òkun tí ìkarahun rẹ̀ sábà máa ń ká bí ti ìgbín, parẹ́ ní nǹkan bí mílíọ̀nù 66 ọdún sẹ́yìn. Bí máàpù òkúta agbègbè náà bá wá fi hàn pé ìpele ibẹ̀ kò ju mílíọ̀nù 20 ọdún lọ, ohun kíká tí wọ́n fà yọ nínú rẹ̀ kò jọ pé ammonite ni, bó ti wù kó rí. Ẹ̀rí yìí lágbára fún ohun tó ṣì wà lára òkè òkúta. Èyí tí wọ́n ṣà níbi tí ìgbì ń fọ́ sí, omi lè ti gbé e láti ọ̀nà jíjìn.

Ìkarahun alápá méjì ló ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú jù, torí ìdílé méjì tí kò tan mọ́ra ló wọ ẹ̀wù kan náà. Bivalve ni àkọ́kọ́, àwọn tó ṣì pọ̀ nínú òkun lónìí, tí oyster wà lára wọn. Èkejì ni brachiopod, tó kún inú òkun ayé àtijọ́ ṣùgbọ́n tó ti ṣọ̀wọ́n báyìí. Kí á mú ọ̀kan, kí á gbé ibi tí apá méjèèjì ti so pọ̀ sókè, kí á sì fi ojú inú la apá tó kọjú sí wa láti òkè délẹ̀. Bí ọ̀tún bá bá òsì dọ́gba rẹ́gí, a jẹ́ pé brachiopod ló ṣeé ṣe kó jẹ́. Tí a bá yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́, apá kan á tóbi ju èkejì lọ, ṣóńṣó orí rẹ̀ sì lè ní ihò bíńtín tí ẹran ara tó fi ń so mọ́ òkúta ti ń yọ. Ti bivalve dà bí àtẹ́lẹwọ́ méjì tí a pa pọ̀: ọwọ́ méjèèjì jọra, ṣùgbọ́n ọwọ́ kan ṣoṣo kò ní ọ̀tún àti òsì tó dọ́gba. Oyster ni kò gba òfin yìí. Ibi tó bá lẹ̀ mọ́ ló ń pinnu bí ara rẹ̀ ṣe máa rí.

Àwọn mìíràn rọrùn. Òkúta roboto pẹlẹbẹ tó ní ihò láàárín, bí ìlẹ̀kẹ̀, oríkèé ọrùn crinoid ni, ẹ̀dá òkun kan tó rí bí òdòdó lórí igi rẹ̀. Èyí tó rí bí ọta ìbọn ni belemnite, apá líle inú ara ẹ̀dá òkun kan tó ti parẹ́, tí àwọn ará Yúróòpù àtijọ́ kà sí ẹ̀dùn àrá. Ohun kíká tó tẹ́ pẹrẹsẹ, tí ìlà orí rẹ̀ ń ya bí etí ewé, ammonite ni. Tí ṣóńṣó rẹ̀ bá yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìbátan ìgbín ló jẹ́.

Eyín àkurákudà ni gbogbo èèyàn ń wá, ó sì wà lóòótọ́, torí ẹja yìí máa ń pààrọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún eyín kó tó kú, nígbà tí egungun rẹ̀ rọ̀ tí kì í pẹ́ jẹrà. Láyé àtijọ́, ahọ́n òkúta ni wọ́n ń pè é, àwọn kan sì gbà pé ojú ọ̀run ló ti ń já bọ́. Ní 1666, Nicolas Steno, dókítà ọmọ ilẹ̀ Denmark, la orí àkurákudà ńlá kan ní ìlú Florence, ó sì rí i pé ahọ́n òkúta àti eyín tó wà lẹ́nu ẹja náà kò yàtọ̀. Láti mọ irú rẹ̀, etí eyín ni kí á fi ọwọ́ rà. Bó bá rí ṣákiṣàki bí ayùn, tó tóbi, tí ìgbànú dúdú kan sì wà láàárín eyín àti gbòǹgbò rẹ̀, megalodon, àkurákudà ràbàtà tó ti parẹ́, ni wọ́n máa fura sí. Àkurákudà funfun ní ayùn, kò ní ìgbànú yẹn. Àwọ̀ kò sọ ọjọ́ orí o: èròjà inú ilẹ̀ tó sùn sí ló pa á láró.

Nígbà mìíràn, ohun tó wà lọ́wọ́ kì í ṣe ìkarahun rárá. Ẹrẹ̀ ló kún inú rẹ̀, ó le, ìkarahun wá yọ́ dànù, ó ku ojú inú rẹ̀ nìkan. Irú èyí kì í bá àwòrán ìwé mu, torí ara òde ni àwòrán máa ń fi hàn.

Eyín tí gbòǹgbò rẹ̀ ti jẹ tán lè má gba orúkọ tó kọjá “àkurákudà”, bẹ́ẹ̀ ni kí wọ́n kọ ọ́. Ìwé pélébé tó bá a wọ inú páálí gbọ́dọ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n rí i, ibi pàtó, àti ìpele òkúta tó ti jáde. Bí orúkọ bá yí padà lọ́la, mẹ́ta yìí kò ní yí.