Ìlànà Àṣálẹ́ ni, Kì í Ṣe Òfin Ọ̀gànjọ́

Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ti ṣe akọ̀wé kóòtù rí ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. A jókòó síwájú ilé ní Ẹ̀pẹ́ níbí, rédíò ń sọ̀rọ̀ nípa Amẹ́ríkà, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ wá ní àwọn olórí tó ń kógbá sílé lọ́hùn-ún máa ń ṣe “òfin ọ̀gànjọ́ òru”, ìyẹn ìlànà tí àwọn iléeṣẹ́ ìjọba ń sáré gbé jáde ní ọjọ́ díẹ̀ tó kù kí olórí lọ. Ẹ̀gbọ́n kan sáárá sí i. Wọ́n ní bí òyìnbó ṣe pè é gan-an nìyẹn. Inú ti ń bí mi kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ tán.

Ọ̀gànjọ́ wo? Ọ̀gànjọ́ ni olè ń jà. Ọ̀gànjọ́ ni Orò ń ké, tí olúkálukú á ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Bí ẹ bá sọ fún mi pé ìjọba ṣe nǹkan lọ́gànjọ́, ohun tí mo gbọ́ ni pé wọ́n yọ́ ọ ṣe, wọn ò fẹ́ kójú ẹnikẹ́ni tó o. Bẹ́ẹ̀, inú gásẹ́ẹ̀tì, ìwé ìkéde ìjọba, ni wọ́n ń tẹ eléyìí sí, lọ́sàn-án gangan, ẹni tó láṣẹ láti fọwọ́ sí i ló sì fọwọ́ sí i. Olórí tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé, olórí ṣì ni. Ẹ̀sùn tó wà lọ́rùn rẹ̀ kò ju pé ilẹ̀ ń ṣú, ó sì ń kánjú.

Òyìnbó nídìí tiwọn. Ní 1801, John Adams ti fìdí rẹmi nínú ìbò, Thomas Jefferson ló ń bọ̀. Adams yan adájọ́ rẹpẹtẹ ní ọjọ́ díẹ̀ tó kù fún un, wọ́n ní ó ń fọwọ́ síwèé títí di alẹ́ ọjọ́ tó gbẹ̀yìn. Wọ́n bá ń pè wọ́n ní adájọ́ ọ̀gànjọ́. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ẹjọ́ Marbury àti Madison ti 1803, ibẹ̀ ló ti ṣẹ̀: ìwé ìyànsípò William Marbury ni wọn ò rí fi jíṣẹ́ kí Adams tó lọ.) Nígbà tí Jimmy Carter náà ń lọ ní ìbẹ̀rẹ̀ 1981, tí àwọn iléeṣẹ́ ìjọba ń tú ìlànà jáde wìtìwìtì, wọ́n gbé orúkọ àwọn adájọ́ wọ̀yẹn wọ ìlànà lọ́rùn. Ìtàn tiwọn nìyẹn. Òru Adams kì í ṣe òru tiwa.

Ẹlòmíràn tún wà tó kọ ọ́ ní “rẹgúléṣọ̀n àsìkò ìkẹyìn”. Mo gbọ́ ìyẹn, mo rántí oníwàásù tó máa ń gbé mẹ́gáfóònù dúró ní gáréèjì láàárọ̀. Àsìkò ìkẹyìn ti ní ẹni tó ni ín, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ fún wọn. Rẹgúléṣọ̀n ńkọ́? Kí ni ìlànà ṣe tí a ò fi pè é lórúkọ rẹ̀? Ilé aṣòfin ló ń ṣe òfin; ohun tí iléeṣẹ́ ìjọba ń gbé kalẹ̀ lábẹ́ òfin náà, ìlànà ni. Wọ́n máa ní kí n ya ìlànà sọ́tọ̀ kúrò lára àṣẹ Ààrẹ. Mi ò ráyè ìyẹn lónìí.

Ìlànà àṣálẹ́ ni mo pè é. Ẹ bá mi dé ọjà ẹja Olúwo kẹ́ ẹ rí ohun tí mò ń sọ. Láàárọ̀, ẹ ó dúró sídìí ẹja, ẹ ó ṣí etí rẹ̀ wò bóyá ó ṣì pupa, ẹ ó fi ìka tẹ ikùn rẹ̀, ẹ ó ná an, ẹ ó ṣe bí ẹni ń lọ, wọn ó pè yín padà. Ìlànà tó tọ ọ̀nà rẹ̀ nìyẹn: wọ́n gbé àbá síta, aráàlú sọ tẹnu wọn, wọ́n tún un ṣe. Ẹ padà síbẹ̀ ní aago mẹ́fà àbọ̀ ìrọ̀lẹ́. Ìyá ẹlẹ́ja ti ń da omi sórí pátákó, ọkọ̀ ń pe èrò, obòkún mẹ́rin ti wà nínú ọ̀rá kẹ́ ẹ tó lanu. “Dádì, ẹ gbà á bẹ́ẹ̀, mò ń lọ.” Ẹja náà lè dáa o. Ó sì lè máà dáa. Kò sẹ́ni tó ṣí etí rẹ̀. Tó bá wá jẹ́ pé ẹlòmíràn ló máa jókòó sí ìsọ̀ yẹn lọ́la, ta lẹ fẹ́ gbé e padà fún?

Ìbéèrè yẹn gan-an ló ń mú wọn kánjú. Ní Amẹ́ríkà, ìlànà tó bá ti jáde tó sì ti fìdí múlẹ̀, olórí tuntun kò lè jí lọ́jọ́ kan kó gbá a dànù. Ó ní láti tún ọ̀nà yẹn rìn látìbẹ̀rẹ̀, àbá, èrò aráàlú, èsì, gásẹ́ẹ̀tì. Èyí tí kò tíì jáde, tàbí tó jáde tí kò tíì fìdí múlẹ̀, nìkan ló rọrùn láti dá dúró. Ọjọ́ 29 January 1981, Ronald Reagan kò tíì lo ọjọ́ mẹ́wàá lórí àga tó fi so irú ìlànà bẹ́ẹ̀ rọ̀ fún 60 ọjọ́, ó sì ti di àṣà àwọn tó ń gba ipò lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kejì. Láti 1996, òfin kan tún gba ilé aṣòfin wọn láyè láti fi ìbò wọ́gi lé ìlànà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, bí Ààrẹ bá fọwọ́ sí i. Wọ́n kọ́kọ́ lò ó ní 2001, lórí ìlànà tó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ ìnira ara níbi iṣẹ́, tí ìjọba Clinton gbé jáde ní November 2000. Ó di 2017 kí wọ́n tó tún fà á yọ, ìgbà yẹn ni wọ́n sì lò ó ní àlòtúnlò.

Èyí tó wù mí jù ni gbèǹdéke, ọjọ́ tí ìjọba tó ń lọ fúnra rẹ̀ dá pé ìlànà tuntun kò gbọ́dọ̀ kọjá. Ẹ má pè é ní “ìfòfindè” fún mi. Kò sẹ́ni tó de nǹkan kan. Ní May 2008, Joshua Bolten, olórí òṣìṣẹ́ lọ́fíìsì Ààrẹ Bush, kọ̀wé sáwọn iléeṣẹ́ ìjọba pé àbá tuntun kò gbọ́dọ̀ kọjá ọjọ́ kìíní June, kí èyí tó máa parí sì parí kó tó di ọjọ́ kìíní November. Bí ẹni pé Ìyálọ́jà sọ fún gbogbo ọjà pé lẹ́yìn aago mẹ́rin, kí ẹnikẹ́ni má gbé ẹja tuntun sórí pátákó.

Ẹ̀gbọ́n ní kí ló kàn wá níbẹ̀. Mo ní ẹ wo Ọ̀ṣun. Ìbò gómìnà wáyé ní 16 July 2022, Adeleke gorí àlééfà ní 27 November, ó sì pàṣẹ pé gbogbo ìgbanisíṣẹ́ tí ìjọba Oyetola ṣe lẹ́yìn 17 July ti di òfo. Wọ́n ní ìgbanisíṣẹ́ kọ́ ni ìlànà. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n gbèǹdéke náà nìyẹn, ẹ̀yìn ni wọ́n ti kà á wá, nígbà tí àwọn èèyàn ti gba lẹ́tà tán, tí wọ́n ti sọ fún ìyá wọn nílé.

Ti Bolten náà ní ihò. Ó ní àyàfi bí ọ̀rọ̀ bá ju ti ojoojúmọ́ lọ. Ní December 2008, ìlànà tó gba òṣìṣẹ́ ìlera láyè láti kọ iṣẹ́ tó bá lòdì sí ẹ̀rí-ọkàn rẹ̀ ṣì jáde, ìjọba Obama kò sì rí èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ yọ kúrò títí di February 2011. Mo bi ìyá ẹlẹ́ja mi ní Olúwo léèrè bóyá á gbà bí wọ́n bá ní kó má ta ẹja mọ́ lẹ́yìn aago mẹ́rin. Ó ní á gbà. Ó wá nu ọwọ́ sára ìró, ó ní, “Dádì, oníbàárà mi tó bá ti Ìjẹ̀bú-Òde wá ńkọ́?”