Bí kọ̀ǹpútà ṣe ń ya máàpù Ìbàdàn fún iṣẹ́ ìjọba

Kí kọ̀ǹpútà tó lè dá máàpù yà, ènìyàn ní láti kọ́kọ́ sọ ohun tó ń jẹ́ ilé fún un. Iṣẹ́ kékeré ló jọ, àfi tí a bá dé Ọjà'ba, àárín ìlú àtijọ́. Láti òkè, níbi tí sátẹ́láìtì ti ń wò, páànù so mọ́ páànù, odidi agbo ilé a sì hàn bí òrùlé kan ṣoṣo. Bẹ́ẹ̀ baálé ń gbé iwájú, àwọn àbúrò rẹ̀ wà lẹ́yìn, ayálégbé mú yàrá ẹ̀gbẹ́, ẹnìkan sì ń tajà lójúde. Ilé kan ni, àbí mẹ́rin? Ohun tí agbowó-orí máa sọ yàtọ̀ sí ti ẹni tó ń ka ọmọ tó máa gba àjẹsára.

Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ya máàpù fi ń kọ nǹkan mẹ́ta sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: òrùlé, ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀, ìdílé tó ń gbébẹ̀. Nọ́ńbà ló ń so wọ́n pọ̀. (Nọ́ńbà SW8 tàbí N4 tí wọ́n kọ sára ilé àtijọ́ kò tó fún èyí, bí ògiri bá wó, ó bá a lọ.) Wọ́n á tún ṣòfin fún kọ̀ǹpútà: ilẹ̀ méjì kò gbọdọ̀ gun ara wọn, a kò sì gbọdọ̀ ka ilé kan fún méjì nínú ìjọba ìbílẹ̀ 11 tó pín Ìbàdàn. Èyí tó bá rú òfin, kọ̀ǹpútà á yọ ọ́ sọ́tọ̀ kí awọnlẹ̀ lọ wò ó.

Yíya gan-an ti dẹrùn. Láti 2021 ni Google ti ń fún aráyé ní ìlà òrùlé ilé Áfíríkà lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ̀rọ ló fà á yọ nínú fọ́tò sátẹ́láìtì. Wàhálà wà nínú ìwé sọ́fè àtijọ́. Minna, ní ìpínlẹ̀ Niger, ni ìwọ̀n tiwọn ti bẹ̀rẹ̀, ibi tí ìwọ̀n ti sátẹ́láìtì ti bẹ̀rẹ̀ yàtọ̀. Bí wọn kò bá yí ọ̀kan sí èkejì, ilé lè fi nǹkan bí 100 mítà yẹ̀ kúrò láyè rẹ̀. Ní Òkè-Àdó, onílé ti bọ́ sórí ilẹ̀ ẹlòmíràn nìyẹn.

Tí gbogbo rẹ̀ bá jókòó, ó kan omi. Ìlú tó rí omíyalé Ògùnpa ní 1980, tó tún rí ti August 2011, kò lè fojú kéré èyí. Wọ́n á gé ilẹ̀ sí àpótí 30 mítà níbùú lóròó, kálukú pẹ̀lú gíga tirẹ̀. Kọ̀ǹpútà á wo àwọn mẹ́jọ tó yí àpótí kan ká, ibi tó bá dà gẹ̀rẹ́ jù nínú wọn ni omi á gbà. Ibi tí omi ọ̀pọ̀ àpótí bá ti ń kọjá, odò ni. Wọ́n á fa ààlà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, wọ́n á gbé e lé ìlà òrùlé, nọ́ńbà àwọn ilé tó wà léwu á sì jáde.

Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà lè ka afárá sí ìdènà, kí ó dá odò dúró níbi tí kò dúró. Ènìyàn ló máa la ọ̀nà fún omi níbẹ̀ lórí máàpù. Kò sì rí pàǹtírí tó dí ihò abẹ́ afárá. Òṣìṣẹ́ tó bá dé ibẹ̀ á kọ ọ́ sínú fóònù, wọ́n á sì tún máàpù ṣe.