Ata ń ta wọ́n, ṣùgbọ́n wọn ò gbọ́ òórùn irú

Bí ẹni tó ní psoriasis, àìsàn tó ń mú kí awọ ara wú kó sì máa ṣí èépá, bá ti sọ pé oúnjẹ ò dùn lẹ́nu òun mọ́, èsì kan náà ni wọ́n máa fún un: "Awọ ara ló ń ṣe ọ́, kí ló kan ẹnu níbẹ̀?" Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Pé àìsàn náà kì í ranni, pé kì í ṣe ẹ̀tẹ̀, mi ò ní tún máa tẹnu mọ́ ìyẹn níbí.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní in. Wọ́n gbé ẹ̀fọ́ kaná lọ́jọ́ kan. Ẹnu ọ̀nà ni òórùn irú tó ti ń jó mọ́ ìdí ìkòkò ti pàdé mi. Ẹ̀gbọ́n mi tó dúró tì í kò gbọ́ nǹkan kan. Àlùbọ́sà ni wọ́n ń gé, omijé ń dà pòròpòrò lójú wọn. Wọ́n ní àwọn ò gbọ́ òórùn kankan, ìyá wa ní irọ́ ni wọ́n ń pa: "Ṣebí àlùbọ́sà ń ta ọ́ lójú? Àbí ata ò ta ọ́ lẹ́nu ni?"

Ibẹ̀ gan-an lọ̀pọ̀ ń ṣì í. Títa ata kì í ṣe adùn. Iṣan tó ń gbé ìrora àti ìgbóná lọ sí ọpọlọ ló ń gbọ́ ọ, irú iṣan bẹ́ẹ̀ náà ló sì ń jẹ́ kí àlùbọ́sà ta lójú. Imú lè kú pátápátá, kí ata ṣì máa jó èèyàn lẹ́nu. Ahọ́n fúnra rẹ̀ ò mọ̀ ju dídùn, iyọ̀, kíkan, kíkorò àti adùn tó wà nínú omi ẹran lọ. Imú ló ń ṣe ìyókù. Ẹ fọwọ́ di imú, kí ẹ fi ọsàn sẹ́nu: dídùn àti kíkan lásán lẹ máa mọ̀. Ẹ tú imú sílẹ̀, ọsàn dé.

Àwọn ọmọ ogun ara tó yẹ kó máa gbèjà wa ló ń dá iná psoriasis, iná ọ̀hún kì í sì í mọ sí awọ. Ó ń wọ oríkèé àwọn mìíràn. Kí ló wá dé tí a fi gbà pé kò lè dé imú?

Àwọn oníṣègùn ti fi pẹ́ẹ̀nì olóòórùn, tí wọ́n ń gbé sí imú èèyàn kó lè sọ òórùn tó gbọ́, dán àwọn tó ní psoriasis wò, wọ́n sì rí i pé agbára ìgbóòórùn ọ̀pọ̀ nínú wọn dín sí ti ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n sìgá ń ba imú jẹ́, katá ń dí i, oògùn acitretin tí wọ́n ń lò fún psoriasis sì máa ń gbẹ imú àti ẹnu. Nítorí náà, mi ò ní sọ pé àìsàn yìí nìkan ló fà á lára gbogbo wọn. Ó ṣeé ṣe kó lọ́wọ́ sí i, ìyẹn ni mo lè fọwọ́ sọ̀yà.

Kí ẹni tó bá ń ṣe má fi iyọ̀ wá adùn tó sọnù. Gáàsì ìdáná náà kò ní òórùn tirẹ̀. Wọ́n fi òórùn burúkú yẹn sí i kí imú lè ta wá lólobó ni. Ẹni tí kò gbọ́ òórùn irú tó ń jó lè má gbọ́ ìyẹn. Kó máa ti ẹnu sílíńdà pa lẹ́yìn ìdáná, kó sì ní kí ẹlòmíràn bá òun gbóòórùn ọbẹ̀ àná kó tó fi jẹun.