Iná Kì í Jó Yuréníọ̀mù

Ìbéèrè kan wà tí kì í tán lẹ́nu àwọn èèyàn: ṣé òótọ́ ni pé ìtànṣán eérú èédú ilẹ̀ ju ti pàǹtírí átọ́míìkì lọ? Rárá o. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà níbi tó ti ṣẹ̀ wá. Ní 1978, àwọn onímọ̀ ní ibùdó ìwádìí Oak Ridge, ní Amẹ́ríkà, ṣírò ìtànṣán tó ń bá afẹ́fẹ́ jáde láti ilé-iṣẹ́ amúnáwá méjèèjì nígbà tí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́ láìsí jàǹbá, wọ́n sì rí i pé ti èédú kò kéré sí ti átọ́míìkì. Pàǹtírí tí wọ́n tì mọ́ inú àgbá kò sí nínú ìṣirò yẹn rárá.

Yuréníọ̀mù, irin tó ń tú ìtànṣán jáde, tó wà nínú èédú kì í sábà ju gíráàmù 1 sí 4 lọ nínú tọ́ọ̀nù kan, bíi ti erùpẹ̀ lásán. Ẹ wo omi iyọ̀ tí a sè títí tó fi gbẹ: iyọ̀ kò pọ̀ sí i, omi ló lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni eérú rí. Bí tọ́ọ̀nù èédú 10 bá jó tán, tó ku nǹkan bíi tọ́ọ̀nù eérú kan, inú rẹ̀ ni gbogbo ohun tí iná kò lè jó kóra jọ sí. Gáàsì rádọ́ọ̀nù, tó ń tú ìtànṣán jáde, tó sì ń ti ara irin rédíọ̀mù inú èédú wá, ní tirẹ̀ ti bá èéfín lọ.

Tí a bá fẹ́ wọn eérú, inú agolo la máa ń rọ ọ́ sí, a ó dí i pa, a ó sì gbé e jókòó fún bí oṣù kan, kí rádọ́ọ̀nù tuntun tó ń ti ara rédíọ̀mù inú eérú wá lè kóra jọ. Àwọn ọmọ iṣẹ́ kì í fẹ́ dúró! Ṣùgbọ́n tí rádọ́ọ̀nù bá rí ihò jò jáde, irọ́ ni ẹ̀rọ máa pa fún wa.

Ká sọ tòótọ́, ásẹ́níìkì, májèlé tó wà nínú eérú, ń bà mí lẹ́rù ju yuréníọ̀mù rẹ̀ lọ. Nígbà tí òkìtì eérú ya ní Kingston, ní Tennessee, lóṣù Kejìlá 2008, tó ya wọnú odò, ásẹ́níìkì wà lára ohun tí wọ́n ń wá nínú omi.

Eérú tó wọ inú kọnkéré kì í kó mi láyà sókè. Àwọn hóró rẹ̀ dà bíi gíláàsì, wọ́n sì di ohun inú wọn mú. Èyí tí wọ́n fi ń kún ilẹ̀ ni kẹ́ ẹ bi ẹni tó ń tà á léèrè ìwé àyẹ̀wò rẹ̀: iye rédíọ̀mù, tóríọ̀mù àti pọtásíọ̀mù, àwọn ohun tí ìtànṣán eérú ti ń wá. Kẹ́ ẹ tó fi ṣọ́bìrì kàn án, ẹ wọ́n omi sí i, kẹ́ ẹ sì bo imú.