Hóró tí kò ní òṣùwọ̀n

Ní ilé ìta oògùn tí mo ti ń ṣiṣẹ́ apoògùn ní Àjàṣẹ́, ọ̀dọ́kùnrin kan lè gbé alùpùpù rẹ̀ sẹ́bàá ọ̀nà, kí ó rọra bèèrè bóyá a ní «250». Tramadol, oògùn tí ń pa ìrora, ni ó ń wí. Miligírámù 50 tàbí 100 ni dókítà sábà máa ń kọ fún àgbàlagbà lẹ́ẹ̀kan. Hóró ẹ̀gbẹ́ títì ni ó ń ru 250.

Èyí tí ó ń dé lẹ́yìn rẹ̀, fentanyl àti nitazene, ni ó ń bà mí lẹ́rù. Inú oje òdòdó opium ni a ti ń rí morphine, oògùn ìrora líle, ṣùgbọ́n kẹ́míkà lásán ni Paul Janssen, ará Bẹ́ljíọ̀m, fi ṣe fentanyl ní nǹkan bí ọdún 1960, agbára rẹ̀ sì tó ìlọ́po 100 ti morphine. Oògùn gidi ni ní yàrá iṣẹ́ abẹ, níbi tí wọ́n ti ń ṣọ́ èémí aláìsàn. Nitazene, ẹbí oògùn kẹ́míkà líle mìíràn tí ilé-iṣẹ́ CIBA ti Switzerland ṣe ní apá ìparí àwọn ọdún 1950, kò tilẹ̀ di oògùn ìtọ́jú rí. Nígbà tí Ṣáínà fi òfin de gbogbo ẹbí fentanyl ní oṣù karùn-ún ọdún 2019, àwọn apoògùn abẹ́lẹ̀ túbọ̀ yíjú sí nitazene. Bí òfin bá dárúkọ ọ̀kan, wọn a yí ẹ̀ka kékeré kan lára rẹ̀ padà, yóò sì di àjèjì lójú òfin. Wọ́n ti rí i nínú kush, àdàlù olóró tí wọ́n ń fà bíi sìgá ní Sierra Leone, ilẹ̀ Áfíríkà tiwa níbí.

Ẹni tí ó ń fi ọwọ́ pò ó kò lè pín ohun tí ó kéré bí ẹyọ iyọ̀ mélòó kan dọ́gba. Hóró kan lè ṣàìní nǹkan nínú, kí èkejì rẹ̀ nínú páálí kan náà sì pa ènìyàn.

Bí ọmọlójú ẹnìkan bá rí tíntín bí orí abẹ́rẹ́, tí ètè rẹ̀ ń dú, tí ó sì ń hanrun, ẹ má ṣe sọ pé kí ó sùn dáadáa: èémí rẹ̀ ni ó ń lọ yẹn. Ẹ má da epo pupa tàbí wàrà sí i lẹ́nu. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ tẹ́ ẹ, kí ẹ sì tètè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn fún naloxone, tí ó ń dá èémí padà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Agbára naloxone lè tán ṣáájú ti oògùn tí ó mu, nítorí náà, bí ó tilẹ̀ jókòó tí ó ń bínú pé òun fẹ́ relé, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣì máa ṣọ́ ọ. Ẹ mú páálí hóró náà dání, kódà bí ó bá ti ṣófo.