Kí ni cel? Ọ̀rá tí wọ́n ya Rama sí

Tí ẹ bá ń wo kàtúùnù àtijọ́, tí èèyàn inú rẹ̀ ń sáré ṣùgbọ́n tí igbó ẹ̀yìn rẹ̀ kò mì rárá, iṣẹ́ cel lẹ̀ ń wò yẹn. Ọ̀rá pẹlẹbẹ tó mọ́ gaara ni cel. Èèyàn tàbí ẹranko tó máa rìn nìkan ni wọ́n ń yà sí i: ìlà ara rẹ̀ á wà lójú ọ̀rá, ọ̀dà á wà lẹ́yìn, kí ọ̀dà má baà bo ìlà. Wọ́n á tẹ́ ọ̀rá yìí sórí àwòrán igbó tí wọ́n ti yà sórí pépà lọ́tọ̀, kámẹ́rà tí wọ́n gbé kọ́ sókè á ya fọ́tò kan péré. Wọ́n á mú ọ̀rá àkọ́kọ́ kúrò, wọ́n á tẹ́ èyí tí ẹsẹ̀ ti sún díẹ̀, kámẹ́rà á tún yà. Earl Hurd, ará Amẹ́ríkà, ló mú ọgbọ́n yìí wá ní nǹkan bí ọdún 1914, ó sì gba ọ̀pọ̀ ayàwòrán lọ́wọ́ wàhálà títún igi àti ògiri kan náà yà láìmọye ìgbà.

Fíìmù tó jẹ́ kí n mọ bí iṣẹ́ yìí ṣe pọ̀ tó ni Ramayana: The Legend of Prince Rama. Yugo Sako, ará Japan, ló wà nídìí rẹ̀. Lọ́dún 1983 ó lọ sí Íńdíà láti ya fíìmù nípa iṣẹ́ ìwalẹ̀ tí awalẹ̀pìtàn B. B. Lal ń ṣe. Ibẹ̀ ló ti gbọ́ nípa Rama, ọmọ ọba Ayodhya tí wọ́n lé lọ sígbó fún ọdún 14, tí Ravana olórí mẹ́wàá, ọba Lanka, jí ìyàwó rẹ̀ Sita gbé, tí Hanuman àti ogun ọ̀bọ sì bá a gbà á padà. Ìtàn náà wọ Sako lára, ó wá oríṣiríṣi ẹ̀dà rẹ̀ kà ní èdè Japan.

Kí ló dé tí kò fi òṣèré ṣe é? Òrìṣà ni Rama lójú àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù, Sako sì gbà pé àwòrán yẹ òrìṣà ju ojú òṣèré lọ. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Òṣèré tó ṣe Rama lónìí lè ṣe adigunjalè lọ́la.

Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló gbà fún un ní Íńdíà. Vishva Hindu Parishad, ẹgbẹ́ àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù kan, ta kò ó, ìjọba náà kò sì fẹ́ bá a ṣe é. Japan ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ní 1990, pẹ̀lú ayàwòrán tó tó 450. Koichi Sasaki àti Ram Mohan, ọmọ Íńdíà, bá a darí rẹ̀.

Wọ́n ní cel bí 100,000 ni wọ́n fọwọ́ yà. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ wò. Fọ́tò 24 ló ń kọjá lójú wa ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Fíìmù náà gba ìṣẹ́jú 135, ìyẹn fọ́tò 194,400. Àmọ́ àwọn ayàwòrán sábà máa ń ya fọ́tò ẹ̀ẹ̀mejì lórí àwòrán kan, ojú wa kò sì ní fura. Ó ku 97,200. Ní Japan, wọ́n tilẹ̀ máa ń yà á lẹ́ẹ̀mẹta: 64,800. Ṣùgbọ́n tí Rama àti àbúrò rẹ̀ Lakshmana bá jọ wà lójú kan, olúkúlùkù lè ní ọ̀rá tirẹ̀, kí ẹnì kan lè dúró jẹ́ẹ́ nígbà tí èkejì ń sọ̀rọ̀. Ọ̀rá á gun orí ọ̀rá, iye rẹ̀ á tún gbéra.

Ọ̀gá ayàwòrán kì í ya gbogbo rẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ ìṣípòpadà àti òpin rẹ̀, pẹ̀lú ibi tó ṣe pàtàkì láàárín, ló máa ń yà. Àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀ á wá ya ìyókù. Tí tọ̀gá bá ṣì, gbogbo èyí tó tẹ̀ lé e ti ṣì nìyẹn. Ìdí nìyí tí àwọn ọmọ Íńdíà fi ní láti kọ́ àwọn ará Japan bí wọ́n ṣe ń ró dhoti, aṣọ tí ọkùnrin Íńdíà ń ró mọ́dìí, àti bí ọmọ ṣe ń gba ìre lẹ́nu àgbà. Ẹni tó bá ti rí òyìnbó tó fẹ́ dọ̀bálẹ̀ rí mọ ohun tí wọ́n ń sá fún.

Kọ̀ǹpútà ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ cel báyìí, ṣùgbọ́n ní January 2025 wọ́n tún gbé fíìmù yìí jáde ní àwọn sinimá Íńdíà, ní 4K, ìyẹn àwòrán tó mọ́ kedere gan-an. Tí ẹ bá ń wo irú kàtúùnù bẹ́ẹ̀, ẹ wo òkúta ilẹ̀ dáadáa. Tí àwọ̀ ọ̀kan bá dán ju ti àwọn yòókù lọ, tí ìlà sì yí i ká, orí ọ̀rá lòun wà: ẹnì kan fẹ́ gbé e.